Lẹ́tà Kan Ṣoṣo Tí A Ṣì Kọ

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kìíní

Àkọ́bí mi,

Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí, oṣù mọ́kànlá ni mo fi sun abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù nítorí mi ò ní yàrá. Mo fi ẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ méjì lọ síbi iṣẹ́ kan, nígbà tí mo máa débẹ̀, wọ́n ní àwọn ti gba ẹlòmíràn láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ la sípánà mọ́ mi lórí. Títí dòní, bí òjò bá fẹ́ rọ̀, àpá yẹn ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Jáàkì yẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, irin bọ́ sílẹ̀, àyè tó kù láàárín òun àti àyà mi kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Páìpù bíréèkì bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, omi bíréèkì gbígbóná tú sí apá mi méjèèjì, ó bó o funfun bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n yẹn. Mi ò ké. Mo fi àkísà dì í, mo parí ọkọ̀ náà, ọkọ̀ náà sì dúró nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìwé kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti kúrò nílé ìwé. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ni mo fi kọ́ ìwé kíkà. Lónìí, ta ni kò mọ Bàbá Bíréèkì? Ọkọ̀ tó bá kọ̀ tí kò dúró fún ẹlòmíràn, á dúró fún mi.

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọ̀gá Kékeré, ọmọ-ọmọ mi, ńkọ́?

Mo ka ìwé rẹ pé ìgbẹ́ gbuuru kò fi ọmọ náà lọ́rùn sílẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, pé ara rẹ̀ ń lé àpá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lù ú. O wá bi mí bóyá ẹnìkan nínú ìdílé wa ti ṣe irú àìsàn bẹ́ẹ̀ rí. Ìdílé tèmi? Kò sí o! Àwa kì í ṣàìsàn. Ó máa ń rẹ̀ wá ni, a ó sùn, a ó jí. Ti ọmọ àbúrò mi aránṣọ tó kú nígbà náà, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdílé, àìtọ́jú ni. Mo sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé omi tó ń fún ọmọ mu kò mọ́. Ó bínú, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kúrò nínú àgbàlá mi. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé, ẹnu wa kò tíì kò. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló korò lẹ́nu rẹ̀.

Òtútù ibẹ̀ yẹn ló ń dààmú ọmọ náà. Wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì fún un. Má sì pè mí lórí fóònù nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ fóònù a máa bá atẹ́gùn lọ. Ìwé ni èèyàn lè kà lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ni,
Bàbá Bíréèkì, ọ̀gá àwọn ọ̀gá


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kìíní

Bàbá mi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọkọ mi kí yín. Mo ti wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì fún un bí ẹ ṣe wí.

Orí àga ike, lẹ́nu ọ̀nà yàrá dókítà, ni mo ti ń kọ ìwé yìí, ẹ má bínú bí ọwọ́ mi bá ń sáré. Ó yẹ kí n ti padà sí ilé ìfọṣọ kí aago méjì tó lù. Aṣọ ibùsùn hòtẹ́ẹ̀lì ti ga dé àjà níbẹ̀.

Bàbá, ara ọmọ yìí kò le. Ẹ rántí pé àjà kẹrin là ń gbé, àtẹ̀gùn méjìléláàádọ́ta. Tẹ́lẹ̀, òun ló máa ń sáré kà wọ́n ṣáájú mi. Báyìí, tó bá dé ìkẹjọ, ó ti jókòó. Ó ní, “Màmá, ṣé wọ́n fi kún àtẹ̀gùn yìí ni?”

Àmọ́ wọ́n ti rí nǹkan. Dókítà ní lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n ṣì kọ. Gbogbo yòókù pé, lẹ́tà kan péré ló da gbogbo rẹ̀ rú, ó sì jọ pé láti ọ̀dọ̀ yín ló ti wá. Ó fẹ́ mọ̀ dájú. Ike kékeré kan wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, kí ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi í ránṣẹ́ kíákíá. Wọ́n ti ń pè wá wọlé.

Èmi ọmọ yín


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Ìwọ ọmọ yìí,

Mo kí ọ nítorí pé ọmọlúàbí ni mí, kì í ṣe pé inú mi dùn sí ọ.

Ṣé bó ṣe rí nìyẹn? Lẹ́tà tí mo fọwọ́ ara mi kọ sí ọmọ bíbí inú mi, ìwọ lọ gbé e fún dókítà kó máa yẹ̀ ẹ́ wò bíi tíṣà! Ọmọ ń ṣàìsàn lọ́wọ́, dókítà ń wá àṣìkọ nínú lẹ́tà bàbá arúgbó. Ó sì rí ọ̀kan ṣoṣo! Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí mo bá gbàgbé àmì sórí ọ̀rọ̀ kan, ṣé ìyẹn ló ń da inú ọmọ rú? Mo tilẹ̀ mọ èyí tó rí. “Ìbọ̀sẹ̀” ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ń bá mi jà tipẹ́.

Sọ fún un pé ọmọṣẹ́ mẹ́rìnlélógún ló ti gba òmìnira lọ́wọ́ mi, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi mí ní sípẹ́lì rí. Ẹni tí bíréèkì rẹ̀ já lórí òkè kì í béèrè bóyá ẹni tó máa tún un ṣe mọ ìwé.

Ní ti ike yẹn, èdè àwọn tó lọ yunifásítì ni wọ́n kọ sí i lára, mi ò rí i kà. Àmọ́ ike náà dára, ọmọrí rẹ̀ ń dì pinpin. Mo ti kó nọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ sí i. O ṣeun.

Má kọ̀wé sí mi mọ́ títí dókítà yẹn á fi tọrọ àforíjì.

Bàbá rẹ, tí kò mọ ìwé


Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ dákun, ẹ foríjì mí. Nígbà tí mo ka ìwé yín, mo rẹ́rìn-ín débi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nílé ìfọṣọ pa ẹ̀rọ, wọ́n ní kí ló ṣe mí. Ìgbà tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni mo bú sẹ́kún.

Ẹ̀bi tèmi ni. Kò sẹ́ni tó ka lẹ́tà yín, Bàbá. Lẹ́tà bíi A, B, D ni mò ń wí, kì í ṣe lẹ́tà tí à ń kó sínú àpòòwé. Nínú ara olúkúlùkù wa, ó dà bíi pé ìwé kan wà tí ojú lásán kò lè rí. Òun ló ń sọ fún ara bó ṣe máa ṣe ojú, bó ṣe máa ṣe irun. À ń gba ẹ̀dà kan lọ́dọ̀ bàbá, à ń gba ẹ̀dà kan lọ́dọ̀ ìyá. Nínú ìwé ti ara Ọ̀gá Kékeré ni lẹ́tà kan ti ṣì.

Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́ lédè ṣọ́ọ̀bù. Ara ní àwọn ọmọ ogun tó ń bá àrùn jà. Bí àrùn bá ti sá lọ, nǹkan kan gbọ́dọ̀ dá àwọn ọmọ ogun yẹn dúró. Bíréèkì ni. Ojú ibi tí wọ́n kọ bíréèkì sí gan-an ni lẹ́tà náà ti ṣì. Páìpù méjì ló yẹ kó máa gbé omi lọ. Nínú ara ọmọ yìí, ọ̀kan ti dí. Àwọn ọmọ ogun lé àrùn lọ tán, wọn ò rí ohun tó dá wọn dúró, wọ́n wá kọjú sí ìfun rẹ̀, wọ́n kọjú sí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ara rẹ̀ ló ń bá ara rẹ̀ jà, Bàbá. Kì í ṣe òtútù.

Wọ́n yẹ èmi àti ọkọ mi wò. Kò sí lára ọkọ mi. Ó wà lára mi. Àmọ́ nǹkan kan kò ṣe èmi, ìyẹn ló da ọ̀rọ̀ rú mọ́ dókítà lójú. Ó ní ó lè jẹ́ lẹ́tà yẹn ló fa àìsàn náà, ó sì lè máà jẹ́ òun. Oògùn kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ páìpù tó dí. Àmọ́ bí kì í bá ṣe bíréèkì ló bàjẹ́, oògùn yẹn á tẹ àwọn ọmọ ogun rere pa, àrùn mìíràn á sì wọlé wẹ́rẹ́. Kò fẹ́ dán an wò lára ọmọ lásán. Bó bá rí ẹlòmíràn nínú ìdílé tó ní lẹ́tà yẹn, tí àmì sì wà lára rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀. Màmá ti lọ. Ẹ̀yin nìkan ló kù tí mo lè bi.

Ṣé àmì kankan wà lára yín? Ọ̀fun tó wú rí, irun tó ń já, inú tó ń dà rú, awọ tó ń funfun fúnra rẹ̀?

Ike mìíràn nìyí. Itọ́ ni wọ́n fẹ́. Ẹ má jẹ, ẹ má mu fún ìdajì wákàtí, kí ẹ wá tutọ́ sí i dé ojú ìlà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi ọmọ yín


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo ń wo inú àpótí ìwé lójoojúmọ́. Ẹ ò fèsì. Mo pe fóònù yín, ọmọṣẹ́ yín ló gbé e, ó ní ẹ wà lábẹ́ ọkọ̀. Mo tún pè lọ́jọ́ kejì, ẹ ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ wo ni iṣẹ́ abẹ́ rẹ̀ kì í tán?

Wọ́n ti dá ọmọ dúró sí ilé ìwòsàn, ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Oògùn tí wọ́n ń fún un báyìí ti mú kí ojú rẹ̀ wú roboto, kò sì tíì dá ìgbẹ́ náà dúró. Dókítà ní àwọn kò ní lè dúró pẹ́ mọ́.

Bí ẹ bá ń bínú sí mi, ẹ bínú sí mi. Ṣé ọmọ náà ló ṣẹ̀ yín? Ẹ sùn lábẹ́ ọkọ̀, ẹ rìn fún ọjọ́ méjì, gbogbo rẹ̀ la ti gbọ́. Itọ́ lásán ni mò ń tọrọ.

Ohun kan tún wà. Funfun kékeré kan ti yọ ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀, bí ẹyọ bọ́tìnnì. Ọmọ náà ń fi han àwọn nọ́ọ̀sì káàkiri. Ó ní, “Ẹ wò ó, omi bíréèkì ló dà sí mi. Mo ti di mẹkáníìkì bíi bàbá àgbà.”

Èmi ọmọ yín


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

O kú ìtọ́jú ọmọ. O kú àìsùn. O kú ìfaradà bàbá olórí kunkun.

Omi bíréèkì kò jó mi rí.

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo kọ ìlà yẹn, mo ti fa ìwé mẹ́rin ya kí n tó lè kọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí funfun àkọ́kọ́ yọ ní ọrùn ọwọ́ mi, bí ẹyọ bọ́tìnnì, mi ò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní sípánà nígbà yẹn. Ó ń tàn kálẹ̀. Onílé mi ní ẹ̀tẹ̀ ni, ó ju ẹní mi síta, ó da omi sí ibi tí mo ti ń sùn. Oṣù mọ́kànlá abẹ́ ọkọ̀ tí mo máa ń fi yangàn sí yín, òótọ́ ni pé mi ò ní yàrá. Ìdí tí mi ò fi ní ni mi ò sọ. Iṣẹ́ tí mo rìn lọ fún ọjọ́ méjì, kò sẹ́ni tó gbà á ṣáájú mi. Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n ní kí n máa lọ.

Nígbà tí mo wá dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, ẹnìkan bi mí pé, “Kí ló ṣe ọ́ lápá?” Ẹnu mi kàn ní, “Omi bíréèkì ni.” Ọkùnrin náà bọ fìlà rẹ̀, ó ní, “O kú ìyà, akọni!” Ẹni tí wọ́n ń sá fún lánàá. Ìwọ náà rò ó wò, ṣé wàá tún yí ọ̀rọ̀ yẹn padà? Mẹkáníìkì gidi mọ̀ pé omi bíréèkì kì í bó awọ báyẹn. Àmọ́ ta ló máa já Bàbá Bíréèkì nírọ́ lórí ọ̀rọ̀ bíréèkì? Ìyá rẹ nìkan ló mọ̀, ó sì gbé e lọ.

Ìwé rẹ tó sọ ti awọ tó ń funfun, ọjọ́ tó dé ni mo ti mọ̀. Mo sá sábẹ́ ọkọ̀. Ojú ló ń tì mí, kì í ṣe ìbínú. Mo ní kí n máa jẹ́ akọni lọ. Ìgbà tí mo kà pé ọmọ náà ń fi ọwọ́ rẹ̀ yangàn káàkiri, pé irọ́ mi ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú lórí ibùsùn, mo jókòó sórí táyà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọmọṣẹ́ mi ní, “Ọ̀gá, ṣé kí n pe dókítà?” Mo ní, “Dókítà ti ń pè mí tipẹ́.”

Mo tutọ́ sí ike náà. Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Akọ̀wé ibẹ̀ gbé e sókè, ó ń wò ó.

“Bàbá, kí lèyí?”

“Itọ́ mi ni.”

“Itọ́ ta ni?”

“Tèmi! Òkè òkun ló ń béèrè fún un. Tìẹ ńkọ́, ta ló béèrè fún un rí?”

Gbogbo èrò tó tò bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé yẹn lu òǹtẹ̀ wàràwàrà, ó ní ó máa lọ pẹ̀lú ọkọ̀ òfuurufú ọ̀sán.

Ọ̀rọ̀ páìpù méjì tí o sọ, ó yé mi ju bó ṣe yé dókítà lọ. Bí ọ̀kan bá dí, tí ọ̀nà bá tẹ́jú, ọkọ̀ á ṣì dúró, awakọ̀ kò tilẹ̀ ní mọ̀. Ọjọ́ tó bá kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni àṣírí máa tú. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni èmi àtìwọ ń gbà. Ọmọ kékeré ló lọ pàdé òkè.

Fọ́tò apá mi méjèèjì ló wà nínú ìwé yìí. Mo ká ọwọ́ aṣọ dé èjìká. Gbé e fún dókítà. Bó bá sì rí àṣìkọ nínú lẹ́tà yìí, kó máa kà á lọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà

Bàbá mi, bàbá mi, bàbá mi!

Òun ni! Lẹ́tà kan náà, ojú ibi kan náà, lára yín, lára mi, lára ọmọ. Dókítà gbé fọ́tò apá yín sára fèrèsé kó lè rí i dáadáa. Ó ní irú ogun kan náà ni awọ yín ti ń jà láti kékeré. Ó ní, “Bàbá yín ti ń gbé ìdáhùn kiri lápá láti ọjọ́ tó ti pẹ́.” Mo sọ ìtàn nọ́ọ̀tì àti ìbọ̀sẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá ní kí n bá òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, pé òun gan-an kì í mọ̀wé kọ dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ kan náà tí èsì dé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun. Ojú iṣan ni wọ́n ń fà á sí fún un, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lẹ́yìn àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ tó súnmọ́ra. Ìgbẹ́ náà ti dáwọ́ dúró. Ojú rẹ̀ ti ń padà sí bó ṣe wà. Lánàá, Bàbá, ó gun àtẹ̀gùn méjìléláàádọ́ta! Nígbà tó dé ìkẹtàdínlógójì, ó jókòó, àyà mi já. Mo ní, “Ṣé ó ti rẹ̀ ọ́ ni?” Ó wò mí bíi pé mi ò gbọ́n. Ó ní, “Okùn bàtà mi ló tú.”

Lẹ́tà náà kò tíì di títọ́ o, dókítà ní kí n sọ fún yín. Á máa gba oògùn lọ, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ kí àrùn mìíràn má ráyè wọlé. Àmọ́ bíréèkì ti ń mú. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ ọ̀fun àti ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹ má sọ pé ẹ wà lábẹ́ ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó ń wúwo lọ́wọ́ mi. Dókítà bi mí nípa àwọn ará ilé yòókù. Mo rántí ọmọ Àǹtí aránṣọ: ìgbẹ́ gbuuru tí kò dúró, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sílẹ̀, àpá ara láìsí ẹni tó lù ú. Mo sọ ọ́ fún dókítà. Ó ní òun kò lè búra lórí ẹni tí òun kò rí, àmọ́ ó jọ ọ́ púpọ̀. Ó ní bó bá jẹ́ àìsàn kan náà ni, kò sí omi tó mọ́ tó tí ì bá gbà á là nígbà náà. Ọmọbìnrin Àǹtí tó kù ti bí ìbejì báyìí. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀. Ike méjì wà nínú àpòòwé, ti Àǹtí àti ti ọmọ rẹ̀. Mo ti fi èdè wa kọ bí wọ́n á ṣe lò ó sí i lára. Ẹ má kó nọ́ọ̀tì sí i o.

Èmi ọmọ yín, tí orí rẹ̀ wú


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà

Àkọ́bí mi,

Ọpẹ́ ni! Mo ti ka ìwé rẹ fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Àtẹ̀gùn méjìléláàádọ́ta, kì í ṣe ìkẹjọ mọ́! Mo sọ fún wọn pé dókítà òkè òkun wo bíréèkì, kò dá a lójú, wọ́n wá ní kí wọ́n bi Bàbá Bíréèkì, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ dúró. Àbí irọ́ ni? Itọ́ mi nìkan ló rìnrìn àjò lọ ṣe é. Bí èmi fúnra mi bá lọ ńkọ́! Sọ fún dókítà pé mo ti foríjì í. Àwọn tí kò mọ̀wé kọ ní láti máa ran ara wọn lọ́wọ́.

Mo ti lọ yẹ ara mi wò. Wọ́n ní ọ̀fun mi ń lọ́ra ṣiṣẹ́ díẹ̀, wọ́n fún mi ní oògùn oníhóró kan láràárọ̀. Nọ́ọ̀sì ní, “Bàbá, ṣé ẹ ti ṣàìsàn rí?” Mo ní, “Ó máa ń rẹ̀ mí ni.” Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣẹ́ẹ̀tì alápá kúkúrú ni mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ báyìí. Nígbà tí oníbàárà bá bi mí, mo ń sọ fún un pé bí wọ́n ṣe bí mi ni. Ẹnìkan ní, “Mo rò pé omi bíréèkì ni.” Mo ní, “O ò mọṣẹ́ nìyẹn.”

Ní ti àbúrò mi, mo ka ojú ìwé yẹn, mo ká a, mo tún tú u. Mo ro ọ̀rọ̀ omi yẹn. Ọdún mọ́kàndínlógún, ó ti gbé òkú ọmọ, ó tún gbé ẹ̀bi tí mo dì rù ú lé e. Mo rántí bó ṣe ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn jáde, tó wúwo fún un, tí mo sì jókòó tí mò ń wò ó. Lára ìdílé wa ni lẹ́tà ti ṣì. Èmi ni mo ka àṣìkọ náà sí i lọ́rùn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mi ò ní rán ẹnikẹ́ni. Màá wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá kúkúrú, màá kó ike méjèèjì sí àpò àyà, màá lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní àárọ̀, kí oníbàárà tó pọ̀. Mi ò ní jókòó títí á fi ní kí n jókòó. Màá na apá mi méjèèjì sí i, màá sọ fún un pé, “Omi rẹ mọ́.” Bó bá tilẹ̀kùn mọ́ mi, màá dúró síta, ṣebí ìdúró ni iṣẹ́ mi. Bí kò bá ṣí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, màá tún lọ ní Ọjọ́bọ̀.

Bàbá rẹ